Òdòdó Lórí Ibojì Ẹni Tí Kò Kú

Wọ́n sọ ìyá mi di òkú nígbà tí ó ṣì ń ta àgádágodo ní àdúgbò Hanoukopé ní Lomé, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì òkè òkun lè rí ọmọ tí wọn yóò ṣàánú.

Kí ọ̀rọ̀ mi tó yé yín, ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe túfọ̀ ikú bàbá mi fún mi. Ọkọ̀ àjàgbé ni bàbá mi ń wà ní èbúté Lomé. Ọjọ́ tí ó kú, kò sí ẹni tí ó sọ pé ó kú, nítorí nílé tiwa, a kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọdé lójú. “Bàbá ẹ lọ sí Cotonou,” ni àbúrò bàbá mi wí, ó sì ki bísíkíìtì bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún ń béèrè bóyá bàbá yóò ra irú rẹ̀ bọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé Cotonou kan wà tí ènìyàn kì í ti ibẹ̀ dé.

Agbára ìyá mi kò ká owó iléèwé mọ́. Ọkùnrin kan wá bá a, Yorùbá tí wọ́n bí sí Lomé bíi tiwa, tí ó ní ilé ọmọ aláìlóbìí ní Tokoin. Tọ́ntọ́n, bí àwọn Faransé ṣe ń pe arákùnrin òbí, ni gbogbo àwa ọmọ ń pè é. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ń fọ mọ́tò, tí wọ́n ń ta kéèkì ní iléèwé wọn, kí wọ́n lè rán ọmọ bíi tèmi lọ sí kíláàsì. Ìyá mi ní ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, aláìní ni, ó gbà, mo sì kó lọ sí Tokoin. Ohun tí Tọ́ntọ́n kò sọ fún un ni pé nínú fídíò tí òun fi ránṣẹ́ sí wọn, àti bàbá àti ìyá ló ti kú. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wá wò wá, ó ní kí ìyá mi má yọjú títí wọn yóò fi lọ.

“Ìyá, ẹ má bínú. Bí wọ́n bá rí yín, wọn á ní irọ́ ni mò ń pa.”

Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn àlejò náà dé. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, oòrùn ti jó wọn lójú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ọmọbìnrin kan tí ó wọ awò ojú dì mọ́ mi bí ẹni pé ó ti ń wá mi tipẹ́. Wọ́n ní àwọn ti dá owó sí i, àwọn fẹ́ fi òdòdó sí ibojì ìyá mi. Mo rò pé Tọ́ntọ́n yóò wá nǹkan sọ. Ó pe ọkọ̀.

Ibojì tí ó mú wa lọ ní àgbélébùú lórí, bẹ́ẹ̀ ìyá mi ni obìnrin tí kì í jẹ́ kí ìrun àsùbá fo òun. Tọ́ntọ́n tẹ̀ mí léjìká. “Bu yẹ̀pẹ̀, dà á sí i.”

“Tọ́ntọ́n, ìyá mi wà lọ́jà.”

“Mo mọ̀. Ṣe bí ẹni pé ni. Má dójú tì mí níwájú àwọn àlejò, ṣé o gbọ́?”

Mo bu yẹ̀pẹ̀, mi ò dà á. Mi ò rí ìyá mi láti ọjọ́ pípẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí ó wá. Mo wá rò ó pé bóyá bí àwọn àgbà ṣe ń túfọ̀ ikú fún ọmọ náà nìyí: wọn á kọ́kọ́ ní ẹ̀fẹ̀ ni, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Bí mo ṣe bú sẹ́kún nìyẹn. Ọmọbìnrin aláwò ojú náà sunkún tẹ̀lé mi, ẹnìkejì rẹ̀ sì yà wá ní fọ́tò.

Bí a ti padà dé Tokoin, mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná jáde, mo sáré dé Hanoukopé. Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi wà ní títì. Mo bi télọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ìyá ẹ? Ó lọ sí Cotonou.”

Télọ̀ náà ní kí n jókòó, ó fún mi ní omi, mi ò lè mu ún. Mo ń wo gbogbo zémidjan, ọ̀kadà tiwa, tí ó bá kọjá, obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń wò, kì í ṣe ìyá mi. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ọ̀kan tó dúró, tí ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú páálí ọjà.

“Ta ló lé ẹ níléèwé? Àbí ojú mi ló ń sán ẹ báyìí?”

Mo di ìró rẹ̀ mú. Nígbà tí mo rò ó fún un tán, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Wọ́n sin mí? Síbo?” Mo ní ibi tí àgbélébùú wà. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

Ó wọ́ mi dé Tokoin lọ kó ẹrù mi. Tọ́ntọ́n kò tilẹ̀ tijú. “Ikú orí fọ́tò kì í pa ènìyàn, ìyá. Bí mo bá ní ẹ wà láàyè, ta ni yóò san owó iléèwé ọmọ yín?”

“Bí ó bá dùn bẹ́ẹ̀,” ni ìyá mi wí, “sọ pé ìwọ ló kú.”

Àgádágodo ló fi rán mi dé yunifásítì. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi yìí, òtítọ́ kò tíì bá a. Lónìí tí mò ń kọ èyí, fọ́tò mi létí ibojì ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn sì ń fi ṣe ìkéde pé kí aráyé dáwó. Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fi àwòrán ọkàn pupa kan dá mi lóhùn.

Mi ò sọ pé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà burú. Ẹ rìn jìnnà, ẹ sunkún tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tí ó béèrè orúkọ òkú tí ẹ gbé òdòdó fún? Ẹ̀yin aláṣẹ tí ẹ fún ilé náà ní ìwé àṣẹ, ta ni nínú yín tí ó tọ ọmọ kankan dé ilé rẹ̀? Ìwọ Tọ́ntọ́n, ìyá ta ló wà nínú ibojì yẹn? Ìyá mi ti dàgbà báyìí, ṣùgbọ́n yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Ẹ wá bá a níbẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀: ọjọ́ wo ló kú, ta ló sì ní kí ẹ sin ín?