Àga Méjì ní Bépanda

Ìjà ni wọ́n gbà mí láti kọ́ àwọn ọmọ náà, àwọn náà sì mọ ìjà jù mí lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ kíláàsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama onígẹ̀ẹ́sì kan ní Bépanda, nílùú Dúálà, mo ní kí wọ́n fàlà sí ibi tí ìjà wà nínú eré oníbànújẹ́ tí à ń kà. Ọ̀kan ni nínú àwọn eré àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ọba àti ìjòyè máa ń kú tán kí ìwé tó parí. Gbogbo wọn fàlà sí ibi tí wọ́n ti fa idà yọ. Ibi tí ọ̀gágun ti dá dúró, tó ń bi ara rẹ̀ bóyá kí òun pa ọba tó fẹ́ràn òun, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Madam, na only one man dey for dis page," ni Sàídátù wí. "Na who e dey fight?"

Sàídátù nìkan ni ọmọ Yorùbá nínú kíláàsì náà. Bàbá rẹ̀, ará Ìwó, ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Marché Sandaga, ṣùgbọ́n Dúálà ni wọ́n ti bí i, Yorùbá rẹ̀ kò sì ju ti ìkíni àti oúnjẹ lọ.

Mo gbé ìbéèrè rẹ̀ délé. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àga méjì síwájú kíláàsì, mo jẹ́ kí wọ́n kọjú síra wọn. Mo ní, "Ẹni tó bá ń fẹ́ nǹkan méjì tí kò lè ní papọ̀, ara rẹ̀ ló ń bá jà. Ẹ jókòó síbí, kí ẹ sọ ohun tí ọ̀gágun ń fẹ́. Ẹ bọ́ sí èkejì, kí ẹ sọ ohun tó ń dì í lọ́wọ́ mú." Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti yé wa. Òjò Dúálà á máa lu páànù, a ó sì máa pariwo ju òjò lọ. Àwọn olùkọ́ yòókù rò pé ijó là ń jó. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn, n kò ní purọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àárò ilé ń sọ mí. Ìyá mi dá wà ní Ìkìrun. Gbogbo ìgbà tó bá pè ló máa ń béèrè pé, "Ṣadé, ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá ti ṣe ìdánwò tán, mà." Àwọn kan á ṣe ìdánwò tán, àwọn mìíràn á sì wọlé.

Lọ́sẹ̀ tí Màmá ṣubú ní balùwẹ̀, mo wọ kíláàsì bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ojú Sàídátù kò ṣeé tàn. Ó ní, "Madam, today na you go sit down." Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo jókòó, mo rò pé màá fi ọ̀gágun dá wọn lára yá. Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi: "Mo fẹ́ lọ sílé. Ìyá mi ń darúgbó lẹ́yìn mi. N kò fẹ́ kó jẹ́ òkú rẹ̀ ni màá bá."

Gbogbo wọn yíjú sí Sàídátù kó túmọ̀ rẹ̀. Kò túmọ̀ rẹ̀. Ó kàn nawọ́ sí àga kejì. Mo bọ́ síbẹ̀, mo la ẹnu, mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kọ̀, kò jáde. Sàídátù kì í kúnlẹ̀ kí mi nílé ẹ̀kọ́, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ lọ, mà," ló wí. "Màmá ń dúró. Àwa… a ti mọ ìjà."

Mo dúró kí wọ́n ṣe ìdánwò tán, mo sì lọ. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Màmá ń fọ̀pá rìn, ó sì ń bá mi wí bí ọmọdé. Ohun tí mo tọrọ ni mo rí gbà. Síbẹ̀, tí òjò bá ti ń lu páànù nírọ̀lẹ́, màá gbé àga méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á kọjú síra wọn, màá jókòó sórí ọ̀kan.

Lánàá, Màmá bi mí pé, "Ta lò ń gbé àga sílẹ̀ dè?"

Mo dìde, mo bọ́ sórí àga kejì. Ọ̀rọ̀ tó kọ̀ fún mi ní Bépanda wá jáde.

"Àwọn ọmọ mi ni, mà."