Ìgbà Tí Ìyá Àgbà Ń Jowú Ẹyẹ Odò

"Ìyá wọn, yẹ̀ díẹ̀. Òjìji rẹ ti bọ́ sára ẹyẹ."

Bàbá àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, láti ẹ̀yìn kámẹ́rà rẹ̀. Ìyá àgbà wà nínú odò, omi mù ún dé orúnkún, ó ń bó ẹ̀gẹ́ tó ti rọ̀ nínú omi, tí yóò fi ṣe púpurú. Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan gba gbogbo etídò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹyẹ náà dúró sí, funfun bíi lékeléke, ṣùgbọ́n ó ga jù ú lọ. Ọrùn rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń gbé e jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí omi. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tàn sí ìyẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà yẹ̀. Èmi tí mo jókòó ti abọ́ ẹ̀gẹ́ rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń yẹ̀, mo sì kórìíra ẹyẹ yẹn.

Bàbá àgbà ti ṣe onífọ́tò ní Òkìtìpupa títí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún, kó tó padà sílé ní Òde-Ayé. Kò ya ènìyàn mọ́. Ó ní ènìyàn ti sú òun, gbogbo wọn ló ń fẹ́ kí òun sọ àwọn di arẹwà. Ẹyẹ odò yìí nìkan ló ń yà, fọ́tò rẹ̀ sì kún ògiri pálọ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá àgbà ní ni pélébé orí káàdì ìdìbò, ẹlòmíràn ló sì yà á.

Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ìyá àgbà gan-an ló ń fa ẹyẹ náà wá. Ẹja wẹ́wẹ́ ń tẹ̀lé ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ẹyẹ ń tẹ̀lé ẹja. Ọjọ́ tí kò bá lọ sódò, ẹyẹ ò ní wá.

"Orogún mi kì í fọ abọ́, kì í dáná," ló máa ń wí bó bá ń to púpurú sórí ààrò kí èéfín gbẹ ẹ́. "Ọma mi, wò ó lára ògiri bó ṣe ń wò mí."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú; ti ìyá àgbà ò tilẹ̀ dé ẹnu.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wọ sútánà rẹ̀ lọ sódò. Aṣọ tí a fi ń lọ bá Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn, òun ló wọ̀ wọnú omi ẹ̀gẹ́.

"Ìyá wọn, aṣọ àdúrà lo wọ̀ wá bó ẹ̀gẹ́?"

"Funfun lẹ fẹ́ràn, Bàbá wọn. Mo ti wọ funfun."

Ẹyẹ náà balẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Bàbá àgbà ní kó yẹ̀. Kò yẹ̀. Ó bu omi lọ́wọ́, ó dà á lu ẹyẹ náà, ẹyẹ sì fò lọ. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà lọ dúró síbi tí ẹyẹ kúrò, etí sútánà ń léfòó, ó sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè sí kámẹ́rà.

Bàbá àgbà wò ó. Mo rò pé yóò bínú, àmọ́ ó gbé kámẹ́rà sójú. Bó ṣe gbé e sójú báyìí, ìyá àgbà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò mọ̀ pé òun yẹ̀. Ó ti mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára.

Bàbá àgbà gbé kámẹ́rà kúrò lójú.

"Níbo lò ń lọ?" Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Padà wá, jọ̀ọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ yà."

Ó padà. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní omi ẹ̀gẹ́ ló ta sí òun lójú.

Èmi náà ti wà nílé ọkọ báyìí, mo sì ń jowú gidi. Mo ń jowú fóònù ọkọ mi, mo ń jowú bọ́ọ̀lù tó ń wò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n dín in kù, mi ò bá wọn jiyàn. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà mí ni kí ẹsẹ̀ mi lọ kọ́ yíyẹ̀, kí n má sì mọ̀.