Télọ̀ Tí Pupa àti Àwọ̀ Ewé Jọra Lójú Rẹ̀

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni bàbá mi, síbẹ̀ ó ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láì lo gíláàsì ojú. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Ojú-Abẹ́rẹ́. Ta ni yóò wá sọ pé nǹkan kan ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi tó bímọ ni àṣírí tú. Èmi ni mo ń bá bàbá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí n ṣe dáadáa: mo kó gbogbo òwú tí ìyá mi tò jáde, mo nu eruku, mo sì tò wọ́n padà bó ṣe wù mí.

Lọ́jọ́ kẹta, olùkọ́ àgbà kan wá gba kóòtù àwọ̀ ewé tó ní kí bàbá bá òun tún apá rẹ̀ rán. Ó gbé e wọ̀, ó wo dígí, ó fọwọ́ bo ẹnu. Òwú pupa fòò ló yí apá méjèèjì ká.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé iná ojú títì ni mo dà, kí mọ́tò máa dúró tí mo bá ń kọjá?"

Bàbá gbé kóòtù náà súnmọ́ fèrèsé, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. "Màdáámù, ibo ló ti já?"

Kò já níbì kankan. Ojú tì mí, mo bẹ obìnrin náà. Mo rò pé ogbó ló dé, ni mo bá mú bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Ọ̀dọ́mọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni dókítà náà. Ó ṣí ìwé kan tí àmì róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi kún inú rẹ̀. Èmi rí i kedere pé àwọn kan nínú wọn para pọ̀ di nọ́ńbà 42.

"Bàbá, nọ́ńbà wo lẹ rí?"

"Nọ́ńbà kẹ̀? Àmì róbótó lásán ni. Àbí kí n kà wọ́n fún ẹ ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Ó ní oríṣi mẹ́ta ni àwọn nǹkan tíntìntín tó ń bá wa mọ àwọ̀ lẹ́yìn ẹyinjú. Ọ̀kan nínú ti bàbá kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí pupa, àwọ̀ ewé àti búráùn fi ń jọra lójú rẹ̀. Kì í ṣe ogbó, kì í ṣe àrùn. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Bàbá wá dúró lójú ọ̀nà.

"Ìyẹn ni pé ẹ̀yin ń rí tòmátì tó pọ́n láàárín ewé láì tẹ̀ ẹ́ wò?"

"Láti òkèèrè, bàbá mi."

"Háà! Èmi rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn: kéèyàn ṣáà ti rántí ibi tí òwú wà." Ó ní èdè wa pàápàá bá òun bo àṣírí. Ọsàn tó pọ́n, pupa ni. Ilẹ̀, pupa ni. Ọmọ tí kò dúdú, pupa ni. Ta ló máa fura?

Bí a ṣe wọlé, ó pe ìyá mi lórí fóònù.

"Bàbá wọn, mo ti mọ̀ tipẹ́," ni ìyá mi fèsì. "Bàtà tí ẹ kọ́kọ́ rà fún mi, tí ẹ ní búráùn ni, àwọ̀ ewé ni."

"O ò sì sọ fún mi láti ogójì ọdún?"

"Kí ni kí n sọ? Ó bá mi lẹ́sẹ̀ mu. Mo wọ̀ ọ́ títí ó fi já, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín to òwú."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ni.

Kò fi pa mọ́ mọ́. Ẹni tó bá gbé aṣọ wá, òun fúnra rẹ̀ ni bàbá ń ní kó wá mú òwú tó bá a mu. Ẹ̀rù bà mí pé wọn ò ní wá mọ́, àṣé wọ́n tiẹ̀ máa wá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Eléyìí ní búlúù ni, tọ̀hún ní dúdú ni, ariwo á ta. Bàbá á káwọ́ gbera, á máa wò wọ́n:

"Ẹ̀yin tí ojú yín pé, ẹ ò wá fẹnu kò síbì kan!"