Wọ́n Gba Ẹsẹ̀ Lábísí, Wọ́n sì Pa Orúkọ Rhoda Ògúntúndé Rẹ́

Rhoda Ògúntúndé kú ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sídeè kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, nínú ilé rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, èmi kò sì bá dókítà jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kú. Lẹ́tà ló ń kọ. Ó jẹ́ ẹ̀karùn-ún irú rẹ̀, sí ọ́fíìsì kan ní Ìlọrin, láti fi ẹ̀rí hàn pé òun ló kọ ìwé tí òun kọ.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Olùkọ́ tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ wa ní físíìsì, tó kọ ìwé ìtàn mẹ́ta, tí àwòrán ojú rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òun ló ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ gbà pé òun wà láyé.

Mo jókòó ní kíláàsì rẹ̀ ní Òrò. Lọ́jọ́ tó kọ́ wa ní òòfà ilẹ̀, ó ju ṣọ́ọ̀kì sókè, ó bi wá pé kí ló dá a padà. Ó ní tó bá jẹ́ orí òṣùpá ni, òun ì bá ti gún iyán, kí òun jẹ ẹ́ tán, kí ṣọ́ọ̀kì náà tó balẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. A kò mọ̀ pé kì í ṣe eré ló ń bá wa ṣe. Ọ̀rọ̀ òòfà jẹ ẹ́ lógún ju bí ó ṣe jẹ ẹnikẹ́ni lógún lọ ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, nítorí Helen.

Helen ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Oro-Ago ni wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí Helen wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì rọ. Rhoda ló ń pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́, títí ẹsẹ̀ ẹni tó ń pọ̀n fi ń wọ́ nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Helen bi í láti orí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ṣé ibì kan wà tí ẹsẹ̀ òun kò ti níí wúwo. Ó di ìgbà tí Rhoda kàwé dé yunifásítì kó tó mọ̀ pé ibẹ̀ wà, pé a tilẹ̀ máa ń rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Báyìí ni ìwé àkọ́kọ́, *Oko Orí Òṣùpá*, ṣe jáde lọ́dún 1998. Lábísí ni ọmọ inú rẹ̀, ọmọbìnrin Oro-Ago tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, tó bá àwọn àgbẹ̀ lọ gbin iṣu sórí òṣùpá. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń ta gìẹ̀gìẹ̀, wọ́n ń ṣubú, nítorí wọ́n ń fi agbára ayé tẹ ilẹ̀ tí kò fẹ́ agbára. Lábísí nìkan ló lè rìn. Láti kékeré ló ti ń ro ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e. Òun ló kọ́ gbogbo wọn ní ìrìn. Ìwé kejì, *Omi Abẹ́ Yìnyín*, sọ bí wọ́n ṣe rí omi. Ẹ̀kẹta, *Ọ̀nà Àbọ̀*, sọ ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, tí wọ́n fẹ́ wá wo ilé baba wọn, tí eegun wọn kò sì lè gba òòfà ayé. Mo jẹ́ ọkùnrin, mo ti bímọ, mo sunkún nígbà tí mo kà á.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, rédíò kéde pé Ilé-iṣẹ́ Fíìmù Ìràwọ̀ Ìrọ̀lẹ́ láti Èkó fẹ́ fi ìtàn náà ṣe fíìmù mẹ́ta tó tẹ̀léra. Orí rédíò ni Rhoda pàápàá ti gbọ́ ọ. Ó sọ fún Helen pé wọ́n ń bọ̀, pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún wọn. Láàárọ̀ láàárọ̀ ló ń gbá pálọ̀, tó ń nu àga mẹ́ta tó tò dè wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí fíìmù kìíní jáde, tẹ̀gbọ́n tàbúrò wọ mọ́tò lọ sí ilé sinimá ní Ìlọrin. Helen ló sọ ohun tí wọ́n rí fún mi. Lábísí ti di sójà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gún régé, ó ń sáré, ó ń fò, ó ń yìnbọn fún àwọn àjèjì kan tí kò sí nínú ìwé rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Yorùbá tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìkíni lọ. Níparí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú sinimá: ẹni tó kun àtíkè fún wọn, ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó wa mọ́tò. Rhoda ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó gbẹ̀yìn kà báyìí pé: a mú un láti inú ìtàn ìbílẹ̀ àwọn ará Ìgbómìnà.

Àwọn ènìyàn jáde tán, iná tàn, Rhoda kò dìde. Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, “Helen, ṣé mo ti kú ni?”

Ta ló pa á láàyè? Mo wádìí. Àwọn onífíìmù náà kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ Ìtàn àti Eré ní Ìlọrin, ọ́fíìsì tó yẹ kó máa tọ́jú iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé wa. Ẹnì kan níbẹ̀ fi òǹtẹ̀ lu lẹ́tà tó sọ pé ìtàn náà kò ní olúwa, pé gbogbo Ìgbómìnà ló ni ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé kì í ní ẹni tí yóò sunkún rẹ̀. Mo dé ọ́fíìsì náà fúnra mi. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn tábìlì, àwòrán Rhoda ń wo ẹ̀yìn orí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò nawọ́ mú ọ̀kan nínú wọn.

Rhoda àti Helen ti débẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́sàn-án títí dé aago méjì kí ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá, tó ní kí wọ́n wọlé. Ó pè é ní màmá, ó kí i dáadáa. Ó ní lóòótọ́ ni màmá kọ ìtàn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe màmá ló dá a sílẹ̀, ìtàn àwọn baba ńlá wa ni.

Rhoda bi í pé, “Baba ńlá yín wo ló mọ̀ pé òòfà òṣùpá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kọ́ ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà, òun bá a níbẹ̀ ni. Ó bi í pé kí gan-an ló ń wá. Rhoda ní orúkọ òun ni, àti ẹsẹ̀ àbúrò òun. Wọ́n ní kó kọ̀wé. Ó kọ ọ́ nígbà mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dáhùn, láti sọ pé àwọn ti rí lẹ́tà rẹ̀ gbà.

Èmi náà kò mọ́. Rhoda pè mí nínú oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ó ní kí n bá òun kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Oṣù méje kọjá, mi ò kọ nǹkan kan. Òkú rẹ̀ ló wá ń gba ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ tí a bá kú là ń dère, ènìyàn kì í sunwọ̀n láàyè. Àwa tí ère òkúta pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Èsìẹ́, ó yẹ ká mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá dé pẹ̀lú àsíá gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ “Ìyá Ìtàn Ìgbómìnà” sí. Ìyá ìtàn tí kò kọ ìtàn. Àwọn onífíìmù náà gbé kámẹ́rà dé etí sàréè, nítorí fíìmù kejì ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí Helen sọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya fíìmù sọ fún un tìtìjú-tìtìjú pé kó jọ̀wọ́ gbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má baà hàn.

Helen di ọ̀pá náà mú ṣinṣin. Ó ní, “Ẹ ti mú ẹsẹ̀ mi kúrò nínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀pá yìí kò níí kúrò.”

Ó dìde, ó tẹ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, ó sì rìn lọ sílé lójú gbogbo wọn.

Mo gbọ́ pé wọn yóò bẹ̀rẹ̀ fíìmù kejì lẹ́yìn òjò. Kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ pa irọ́ tó wà nínú ti àkọ́kọ́ rẹ́, ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fi í hàn, kí wọ́n kọ orúkọ Rhoda Ògúntúndé síbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Bí wọn kò bá lè fi ẹsẹ̀ Lábísí sílẹ̀ bí Rhoda ṣe kọ ọ́, kí wọ́n fi gbogbo ìtàn náà sílẹ̀ fún ẹni tó lè ṣe é. Kí Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá ká àsíá rẹ̀, kó ṣí fáìlì rẹ̀. Ọ́fíìsì kì í fọwọ́ sí ìwé. Ènìyàn ló ń fọwọ́ sí i, ènìyàn sì ní orúkọ. A fẹ́ mọ ẹni náà. Kó wá sí Ọ̀mù-Àrán ní ọ̀sán gangan, kó jókòó níwájú Helen, kó wò ó lójú, kó sì sọ fún un pé kò sẹ́ni tó kọ ìwé náà.