Bí Wọ́n Ṣe Fi Mí Ṣọ́ Rìwáyà

Bàbá mi ní kí n lọ jókòó ti rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ wa ṣe, kí n máa wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n yàn nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dákẹ́, ojú rẹ̀ á ríran.

Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ó ti wà kí wọ́n tó bí mi. Òun ni bàbá mi fi ń gbé èrò láti Ìlọ́fà lọ sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni bátìrì rẹ̀ kò ti gba iná dáadáa mọ́. Rìwáyà á tún un ṣe, kò ní pẹ́, á tún kú sójú ọ̀nà, àwọn èrò á sì sọ̀ kalẹ̀ tì í. Bàbá mi gbà pé ọkùnrin náà ti tú wáyà gidi inú dáínámò, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, tà, ó sì fi ayédèrú dípò. Wọ́n ní tí ọkọ̀ bá tún yọnu, àwọn yóò fẹjọ́ rìwáyà sun ẹgbẹ́ awakọ̀. Ní ìlú bíi tiwa, tí ẹgbẹ́ bá ní kí awakọ̀ kankan má gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ, iṣẹ́ rẹ tán nìyẹn.

Mo jókòó lórí ògbólógbòó táyà lábẹ́ igi máńgòrò tí rìwáyà ti ń ṣiṣẹ́.

"Ọlọ́pàá ti dé," rìwáyà wí. "Ọlọ́pàá, ṣé o ti jẹun?"

Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò.

Ó tú dáínámò, ó dán an wò lórí tábìlì. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara túbọ̀ fu mí. Báwo ni ohun tó yè lórí tábìlì ṣe ń kú nínú ọkọ̀? Ó wá fi àkísà nu bẹ́líìtì tó ń yí dáínámò.

"Wo ọ́ìlì. Bẹ́líìtì ń yọ̀, kò lè yí dáínámò bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnì bàbá rẹ ló ń jò. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní mo fẹ́ tú ẹ́ńjìnì kí n lè jí nǹkan."

Ó ju àkísà náà sílẹ̀. Mo mú un, bóyá ó di nǹkan sínú rẹ̀. Kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì orí rẹ̀ kò dúdú, ó sì ń ta sánsán bíi lọ́fínńdà. Mo mọ òórùn náà. Wọ́n ti ń fi í pa mí lórí láti kékeré.

N kò sọ fún rìwáyà. Bàbá mi wá gbé ọkọ̀ wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi jáde pẹ̀lú ìgò òróró ìyàsímímọ́ tí wọ́n gbà níbi ìsọjí ìjọ Aládùúrà wa nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn máa ń fi ìka pa á síbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe ń yọnu tó ni òróró ń pọ̀ tó. Lọ́jọ́ náà, wọ́n dà á.

"Ọwọ́ olè tó wà nínú ọkọ̀ yìí, kó rọ," wọ́n wí.

Òróró ṣàn lọ sórí bẹ́líìtì.

Bàbá mi tan ọkọ̀. Bẹ́líìtì han, iná pupa iwájú awakọ̀ tó ń sọ pé bátìrì kò gba iná kò sì kú. Bàbá mi bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní ọ̀dọ̀ alága awakọ̀ ni àwọn ń lọ tààrà.

Mo sáré dí wọn lọ́nà. "Bàbá, òróró màmá ni."

Ìyá mi di ìgò mú. "Òróró tí wọ́n gbàdúrà sí? Ta ló kọ́ ọ? Rìwáyà yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Ẹ gbóòórùn bẹ́líìtì."

Bàbá mi pa ẹ́ńjìnì, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n gbé ìka sí imú. Wọ́n yíjú sí mi.

"Lọ po omi ọṣẹ wá."

A fọ bẹ́líìtì, a nù ún gbẹ. Nígbà tí wọ́n tún tan ọkọ̀, iná pupa kú. Wọn kò lọ sọ́dọ̀ alága mọ́, wọn kò sì lọ bẹ rìwáyà.

Sítíárì ni ìyá mi ń fi òróró pa báyìí. Bí wọ́n bá ń pa á, wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tó ti ta ilé fún ará ìta.

Nígbà tí iná iwájú ọkọ̀ bàjẹ́, bàbá mi gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Rìwáyà ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Bàbá, ẹ pe ọlọ́pàá yín wá. Tí kò bá jókòó síbí kó lè jẹ́rìí mi, n ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí. Ojú mi náà ò kúrò lára yín."

Mo yí táyà sún mọ́ ọkọ̀, mo jókòó.