Rímù Tuntun àti Módù Ìrẹsì

Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní Kábbà nígbà tí Ìlọrin ṣì jẹ́ olú ìlú wa, kí wọ́n tó yọ wá kúrò lára Kwara. Módù ni mo fi ń wọ̀n wọ́n, abọ́ roboto tí gbogbo ọjà apá ọ̀dọ̀ wa fi ń wọn oúnjẹ. Ẹni tó bá ń fi módù tajà kì í gba ènìyàn gbọ́ bọ̀rọ̀. Mo ti rí módù tí wọ́n fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú kó lè tètè kún. Mo ti rí èyí tí wọ́n gé etí rẹ̀ kúrú. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ń bá mi sọ̀rọ̀ dídùn, ojú mi kì í kúrò ní ìdí módù rẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọmọ Makutu ni, nílẹ̀ Yàgbà. Ìyàrá, ìlú tèmi, ni ó ti wá fẹ́ èmi. Ìyá rẹ̀ ti dàgbà, ó ń dá gbé ní Makutu, gbogbo Sátidé sì ni ọkọ mi máa ń wa ọkọ̀ lọ kí i. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wálé ló ti fi mítà rẹ̀ hàn mí, àwọn nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tó ń yí níwájú awakọ̀. Ó ní bí òun bá tẹ ìdí rẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á padà sí òdo. Bí òun bá sì lọ sí Makutu tí òun bọ̀, iye báyìí ni yóò kọ, kò ní lé, kò ní dín. Ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ yangàn ni. Kò mọ̀ pé mo ti há nọ́ńbà náà sórí, bí mo ṣe há iye módù tó wà nínú àpò ìrẹsì kan sórí.

Ní ọdún kan, ìpàdé gbé e lọ sí Ìlọrin, mo sì bá a lọ nítorí ọjà tèmi. Nígbà tí ìpàdé parí, mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ni a ń lọ, torí ó ti ṣèlérí ìró kan fún mi láti ìgbà ọdún Kérésì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló yà sí. Wọ́n kó rímù sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe rímù irin dúdú irú ti ọkọ̀ wa, àlọ́ì ni, tó ń dán, tó tóbi. Ọ̀kan ní ọwọ́ márùn-ún tó tàn bí ìràwọ̀. Ọ̀kan ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri bí ajere. Ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Ọkọ mi kúnlẹ̀ nínú ṣòkòtò ìpàdé. Ó ń fi ọwọ́ pa wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sún sẹ́yìn wò wọ́n, ó ń sún síwájú wò wọ́n. Kò wò mí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó wá sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní Ìyàrá.

Oníràwọ̀ ló mú. Ọ̀gá tó ń ta á sọ fún un pé, "Bí ẹ bá fẹ́ rímù tó tóbi tó yìí, táyà pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi sí i, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Táyà pẹlẹbẹ, lójú ọ̀nà Mopa?" ni ọkọ mi wí. "Kòtò kan ṣoṣo á ti pa á. Èyí tó nípọn ni kí o fún mi."

"Ọkọ̀ á ga o."

"Jẹ́ kó ga."

Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, etí mi kan ló sì gbà á. Ohun tó wà lọ́kàn mi yàtọ̀. Mò ń bi ara mi pé, ọkùnrin tó ní ìyàwó, tó bímọ, tí kì í lọ ju ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìyá rẹ̀ lọ, ta ló ń ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ fún? A kúrò ní Ìlọrin láìra ìró.

Láti ọjọ́ náà, àwa àti rímù la jọ ń gbé. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, kí ó tó béèrè oúnjẹ, á ti gbé ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń fọ eyín tẹ́lẹ̀, á máa ha iyẹ̀pẹ̀ kúrò láàárín àwọn ọwọ́ ìràwọ̀ náà. Àwọn ọmọ ò gbọ́dọ̀ fara tì í. Òbúkọ ará ilé kejì wá rí ara rẹ̀ nínú rímù náà lọ́jọ́ kan, ó bínú, ó sáré kàn án. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ọkọ mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn tó ń lẹ táyà ní Kábbà ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú irú rẹ̀ láìha á, nítorí náà, tí táyà bá jò, òun fúnra rẹ̀ ló ń tú u, pẹ̀lú aṣọ àlòkù lábẹ́ irin. Sítíárìn wúwo. Ọkọ̀ ga lóòótọ́, mo ní láti ká ìró mi sókè kí n tó wọlé. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé bí ẹrù bá pọ̀ nínú ọkọ̀, táyà á máa ha mọ́gáàdì, á máa ké fínnfín títí dé ibi tí à ń lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó dẹ́kun gbígbé ènìyàn.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó lọ́kọ̀ tó sì ń relé kì í dá lọ. Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ará Yàgbà tó wà ní Kábbà á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wa tàwọn ti ẹrù. Kì í sì í ṣe awakọ̀ nìkan ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó bá a lọ bá a bọ̀ á wá kí ìyàwó rẹ̀ nílé, pẹ̀lú ìkíni ilẹ̀ wa: "Okun o, ìyàwó wa. A dúpẹ́ àná. Ọkọ rẹ gbé wa dé Makutu wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyá rẹ̀ ní ká kí ọ." Ọpẹ́ àná yìí ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mi ò ní láti bi ọkọ mi léèrè ibi tó lọ rí, torí àwọn tí wọ́n jọ lọ ti sọ fún mi kí n tó yanu. Nígbà tí rímù dé, tí kò gbé ènìyàn mọ́, ọpẹ́ náà dáwọ́ dúró. Ọjọ́ Àìkú á dé, màá jókòó, kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí mítà. Láàárọ̀ Sátidé, òun fúnra rẹ̀ máa ń dá a padà sí òdo, àṣà rẹ̀ ni. Nírọ̀lẹ́, bó bá ti wọ balùwẹ̀, màá ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú ọkọ̀, màá sì wò ó. Nọ́ńbà náà ò pé. Kìlómítà mẹ́wàá ló dín. Sátidé kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Sátidé kẹta, bákan náà.

Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ nídìí ìrẹsì mi. Mẹ́wàá ní àlọ àti àbọ̀, márùn-ún ní àlọ nìkan. Ó túmọ̀ sí pé ọkùnrin yìí ń kọjá Mopa, ó ń sún mọ́ Makutu, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Kí ló wà níbẹ̀? Ilé ìwé kan wà lójú ọ̀nà ibẹ̀ tí àwọn tíṣà obìnrin ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti wá sí ọ́fíìsì ọkọ mi rí, ó gbé ìbẹ́pẹ fún un, èmi náà sì jẹ nínú ìbẹ́pẹ ọ̀hún, mo tún ní ó dùn. Nígbà tí mo rántí èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Bí mo bá fi ọgbọ́n béèrè ìyá rẹ̀ pé, "Ìyé ń kọ́?" á ní, "Ara wọn le, wọ́n ní kí n kí ọ." Ó ń wò mí lójú sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ò yà síbì kan?" Ó ní, "Makutu ni mo re. Mi è yà síbì kankan." Ìgbà tó bá fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ ló máa ń padà sí èdè ilé wọn, ìyẹn náà tún wá ń fu mí lára.

Sátidé kan ṣoṣo ló yàtọ̀ láàárín gbogbo wọn. Lọ́jọ́ náà, mo yọ́ lọ wo mítà, nọ́ńbà mi ló kọ, géérégé, bíi ti àtijọ́. Ọkàn mi fò. Mo ní Ọlọ́run ti dá sí ọ̀rọ̀ mi, ó ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lónìí, ó ti já obìnrin náà jù sílẹ̀. Mo mú adìẹ mi tó sanra jù, mo pa á, mo gún iyán sí i. Ó jẹ gbogbo rẹ̀. Ó tẹrí mọ́ àwo, mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Sátidé tó tẹ̀lé e, mẹ́wàá tún dín.

Nígbà náà ni mo kó aṣọ mi sínú àpótí, mo tì í sábẹ́ ibùsùn. Mo pinnu pé màá bá a lọ lẹ́ẹ̀kan, kí n fojú ara mi rí ibi tí ọ̀nà ti tán. Bó bá rí i pé mò ń bá a lọ tó sì wá àwáwí, Ìyàrá ni mò ń lọ, màá kó àwọn ọmọ mi dání. Ọkọ tó bá ń fi ìyá rẹ̀ purọ́, kí ni kò ní fi èmi ṣe?

Kò wá àwáwí. Ó ní, "O ṣeun, inú Ìyé á dùn." Ó dá mítà padà sí òdo lójú mi. Mo wọn ìrẹsì módù mẹ́wàá sínú àpò fún ìyá rẹ̀, a sì gbéra. Mi ò wo igbó, mi ò wo òkè, mítà ni mò ń wò. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ilé ìwé náà, mo gbójú kúrò lára mítà, mo wo ọkọ mi. Kò tiẹ̀ yíjú síbẹ̀. A dé Makutu, ó dúró sí iwájú ilé ìyá rẹ̀, mo wo mítà: ó fi márùn-ún dín ní ìdajì nọ́ńbà mi. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Ojú mi ni a ṣe lọ ọ̀nà náà, ibì kankan ò sì kù tí a ò dé.

Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, tẹ́sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Okun o, aya mi. Ó mà pẹ́ o. Ọkọ rẹ nìkan ni mò ń rí ní Sátidé, Sátidé." Mo gbé ìrẹsì fún un. "Módù mélòó ni?" Mo ní mẹ́wàá ni. Àwa méjèèjì jọra. Kò gbà mí gbọ́. Ó gbé abọ́ tirẹ̀ jáde, abọ́ àtijọ́ kan tó jìn, ó sì ń wọ̀n ọ́n lójú mi, ó ń kà á. Mẹ́sàn-án péré ló jáde, ó ku ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ nínú àpò. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ìyé," ni mo wí, "abọ́ tiyín ló tóbi. Ìrẹsì ò dín. Bí abọ́ bá ti tóbi, kíkà rẹ̀ á dín."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrò lẹ́nu mi ni mo yíjú sí ọkọ̀ níta, tó ga gàgàrà lórí ẹsẹ̀ tuntun. Mítà ń ka yíyí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bí ìyá yìí ṣe ń ka abọ́. Ẹsẹ̀ náà ti tóbi. Yíyí rẹ̀ ti dín sí ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń dé ibi kan náà. Ọkọ mi ò purọ́ fún mi. Gbogbo Sátidé yẹn, Makutu ló lọ. Inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́kún, ìyá rẹ̀ rò pé nítorí ìrẹsì ni, ó ní kí n má bínú.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bá ọkọ mi ṣeré bí mi ò ti ṣe láti ìgbà tí rímù ti dé. Mo yìn ín. Mo ní ó dán, mo ní ó bá ọkọ̀ mu. Mo ti ń rò ó bí mo ṣe máa tú àpótí mi kí àwọn ọmọ tó rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka lu sítíárìn. A kọjá Mopa, oòrùn ń wọ̀, mo sì ń ka àwọn Sátidé mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ènìyàn ṣe ń ka owó tó rí he: mẹ́wàá dín, ó dé Makutu. Mẹ́wàá dín, ó dé Makutu. Mẹ́wàá dín.

Mo wá kan èyí tí kò dín.

Ẹsẹ̀ ńlá yìí ló wà lábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ Makutu ló ti padà, mẹ́wàá ni ì bá dín. Nọ́ńbà sì pé, ìyẹn ni pé ọ̀nà tó rìn lọ́jọ́ náà jìn ju ti Makutu lọ. Ó ti kọjá ilé ìyá rẹ̀, bóyá ó gba ọ̀nà Odò-Ẹrẹ̀ tó wà níwájú lọ, kó tó yí padà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbà á gbọ́, tí mo pa adìẹ fún un, ni ọjọ́ tó lọ sí ibòmíràn.

Mo fara balẹ̀. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í, "Bàbá wọn, Sátidé tí mo pa adìẹ yẹn, ibo lẹ lọ?"

Ìka rẹ̀ dúró lórí sítíárìn. Ó wo iwájú, ó wo ọ̀nà dáadáa bí ẹni tó rí kòtò, kò sì sí kòtò níbẹ̀.

Ó ní, "Adìẹ wo?"