Ohùn Ìyá Àgbà Tó Ṣáájú Orin Dáre

Yéè! Ìyá Àgbà, ẹ lọ lóòótọ́. Èrò kún ilé, èrò kún àgbàlá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ ti dákẹ́, kò sí ẹni tó ń fi oríkì jí wa mọ́.

Àbẹ̀ní, ìyá tó bí bàbá mi, ọmọ Òsì tó lọ́kọ sí Ìlúpéjú! Ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ó máa fi oríkì ilé ọkọ yín kì wá títí a ó fi dìde. Oorun kì í tíì tán lójú mi, inú á bí mi, n ó sì tún máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin tó ni oríkì náà kò mọ ìdajì rẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé lẹ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Dáre, tó ń kọ orin ráàpù, fẹ́ gbé orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ó ní ohùn yín ni yóò ṣáájú. Ẹ wọ bùbá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gun ọ̀kadà bá wa lọ sí sítúdíò ní Ìdó. Ọ̀gá ibẹ̀ fi hẹ́dífóònù bò yín létí, ẹ yọ ọ́ kíá: "Kí lo ń dí mi létí sí? Ṣé n kò ní gbọ́ ara mi ni?" Ó ní kí ẹ tún un sọ, ẹ ní, "Àbí o kò gbọ́ tẹ́lẹ̀?" Dáre rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ kò ki ilé ọkọ. Ilé bàbá yín lẹ kì: "Ọmọ akọ-ebè-kó-tó-kọ́lé." N kò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí. Ohùn yín yàtọ̀, bí ohùn ọmọdébìnrin. Dáre wá kọ ráàpù tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń pe ara rẹ̀ lọ́mọ Òsì.

Orin náà wọ fóònù àwọn ọlọ́kadà, ó sì dé etí àwọn àgbà ilé wa. Wọ́n fárígá. "Ṣé a kò ní oríkì ni? Ọmọ wa wá ń fi ilé onílé yangàn!" Wọ́n ní kí Dáre pa á rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín kì wọ́n! Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ki bàbá yín, ó di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ilé ìdáná, ẹ fi èdè Òsì yín sọ fún Dáre pé, "Má pa á rẹ́ o. Kì í ṣe ẹnu mi ni ulé baba mi á ti parun." Kò pa á rẹ́. Nígbà tí ẹ papò dà, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ lo orin náà níbi ìsìnkú yín.

Ní ìpàdé ẹbí, Bàbá Àgbà, àbúrò ọkọ yín, béèrè ẹni tí yóò kì yín wọlé nígbà tí pósí bá dé. Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn. Bàbá wo àwọn ìyàwó kéékèèké. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, Ìyá ló ń bá gbogbo wa ṣe é." Wọ́n kọjú sí Dáre: "Ìwọ olórin, ṣé wọn kò kọ́ ọ ní tiwa ni?" Dáre ní, "Èyí tí Ìyá kọ́ mi, ẹ̀yin lẹ ní kí n pa á rẹ́." Bàbá mú fìlà, wọ́n jáde. Wọn kò tíì yan ẹni tí yóò kì yín títí a fi gbé ìwé ètò ìsìnkú yìí lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ó ń dùn mí, Ìyá Àgbà. Wọ́n lo ẹnu yín gbó, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ fi ṣe tiyín.

Orin náà wà nínú fóònù mi. Bí wọ́n bá gbé yín dé ẹnu ọ̀nà, tí kò sì sí ẹni tó kì yín, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ ni n ó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ẹnu ara yín ki ara yín wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó ní sùúrù kí ẹ kọ́kọ́ parí.

Ẹ bá wa kí àwọn ará Òsì tó ti ṣáájú. Ẹ sùn re o, Àbẹ̀ní.

Ọmọ-ọmọ yín,
Bùsọ́lá